Ọmọ Párákin

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú, màmá tó jókòó nídìí tábìlì kò gbójú sókè wò mí. Wọ́n bi mí ní ìlú bàbá mi. Mo ní Ifẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, Ifẹ̀ náà ni wọ́n sì bí èmi sí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ibi tí wọ́n bí yín sí ni mo bèèrè. Bàbá tó bí bàbá ẹ ńkọ́?" Mo ní Ìjerò-Èkìtì. Wọ́n ti fọ́ọ̀mù náà padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní kí n lọ gbà á ní Ìjerò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti dé Ìjerò rí láyé mi, ìgbéyàwó ni a sì bá lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Nígbà tí mo délé, mo bi bàbá mi pé báwo ni ènìyàn ṣe lè jẹ́ ọmọ ibi tí kò mọ̀, kó má sì jẹ́ ọmọ ibi tó mọ̀ bí ojú ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ bí a ṣe dé Párákin kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ náà, èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò wa lẹ́yìn náà, àti èyí tí mo kà nínú ìwé, ni mo kó jọ síbí.

Párákin wà ní apá gúúsù Ilé-Ifẹ̀, lọ́nà Oǹdó. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lónìí yóò rí ilé, ṣọ́ọ̀bù, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá àgbà wa wà ní ọ̀dọ́, ilẹ̀ oko ni gbogbo ẹ̀yìn ìlú. Ifẹ̀ àtijọ́ ṣù mọ́ Ẹnuwá tí ààfin Ọọ̀ni wà. Àwọn àdúgbò bí Ìlódè, Ìrẹmọ, Mọ́òrè, Òkèrèwè àti Ìlárè ni ènìyàn ń gbé, agboolé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àgbẹ̀ á gbé àdá àti ọkọ́ rẹ̀, á jáde kúrò láàárín ìlú lọ sí oko kòkó. Bí oòrùn bá rọ̀, á padà wálé. Mo rò ó títí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn àgbẹ̀ ń sùn nínú ìlú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú oko; àwa ń sùn sórí oko wọn, a sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní ìdàkejì ìlú. Ọ̀nà náà kò yí padà, àwọn tó ń rìn ín nìkan ló kọjú síbòmíràn.

Ilẹ̀ wọ̀nyí ní ẹni tó ni wọ́n. Ẹbí ló ni ín, olórí ẹbí ló sì ń mójú tó o. Àjèjì tó bá fẹ́ dáko lórí rẹ̀ á lọ tọrọ, á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí kòkó di owó ńlá, ìṣákọ́lẹ̀ náà di ọ̀rọ̀ ńlá. Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀ ná, nítorí a ṣì máa padà kàn án.

Ohun tó sọ oko di ilé ni yunifásítì. Ní ọdún 1960, ìgbìmọ̀ tí Eric Ashby ṣe alága fún jábọ̀ fún ìjọba lórí bí ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe rí ní Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba òmìnira. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu pé òun yóò dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ṣòfin rẹ̀ ní 1961. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Ọ̀wàrà 1962, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ilé-Ifẹ̀ ni ibùjókòó rẹ̀ gan-an yóò wà, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ní àpáta àti igbó, nígbà tí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí wà lórí oyè Ọọ̀ni. Láti 1960 sí 1962, àwọn náà ni Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Oníṣẹ́ ilé-yíyà ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ló ya àwòrán ọgbà náà.

Ibí yìí ni bàbá bàbá mi ti wọ inú ìtàn. Káfíńtà ni wọ́n. Ní 1965, wọ́n gbọ́ ní Ìjerò pé wọ́n ń wá káfíńtà ní Ifẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn kì í ṣe àga tàbí ilẹ̀kùn. Pátákó tí wọ́n máa ń da kọnkéré sí ni wọ́n ń kàn. Ìwọ̀nba ni kọnkéré mọ̀ nípa ìrísí: bí káfíńtà bá ṣe kan pátákó ni yóò ṣe gbẹ. Àwọn ilé kan wà nínú ọgbà tí òkè wọn fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé àjà kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí oòrùn àti òjò má baà ráyè wọlé. Bàbá àgbà máa ń pè é ní "ilé tó dorí kodò". Wọ́n ní àwọn káfíńtà kò kọ́kọ́ gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dúró. Ó ṣì dúró di òní.

Oṣù Kìíní ọdún 1967 ni yunifásítì kó wá sí Ifẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwasànmí jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn olùkọ́, akọ̀wé, awakọ̀, olùtọ́jú ọgbà, agbọ́únjẹ, gbogbo wọn ló nílò ibi tí wọn yóò fi orí lé. Iyàrá kan ni bàbá àgbà yá ní Ìlárè. Ní 1968 yunifásítì gbà wọ́n sí iṣẹ́ oṣù, àwọn àti ìyá àgbà sì ń gbé nínú iyàrá yẹn títí wọ́n fi bí bàbá mi ní 1972, àti lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wá ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlú kò ṣòro láti lóye. Ilé òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọgbà kò lè gba gbogbo wọn. Ẹni tó sì rí gbà mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ilé òun: ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti sìn fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò kọ́lé, ẹrù ìdílé yóò dé ẹnu ọ̀nà kó tó mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló lé àwọn òṣìṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí onílẹ̀ ní Párákin, Ẹlẹ́yẹlé, àwọn àdúgbò ọ̀nà Ìbàdàn bí Asherifa, àti àwọn ti ọ̀nà Ẹdẹ bí Damico. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì náà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀, òṣìṣẹ́ tún wá pọ̀ sí i.

Ní Èkó, ojú irin ló fa irú àdúgbò yìí. Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901 ni ènìyàn ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀ jáde lọ sí Agége àti Agbádo. Lónìí, láti oṣù Ọ̀wàrà 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line ń kó òṣìṣẹ́ láti Agbádo wá sí Oyíngbò láràárọ̀. Ojú irin kò gba Ifẹ̀ kọjá ní tirẹ̀, Òṣogbo ló gbà. Títì àti ẹsẹ̀ ni àwa fi dé ibi tí a wà.

Ní 1976 ni bàbá àgbà ra ilẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bísíkíìtì tí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nìkan ni wọ́n rántí. Èyí tó kù, ìyá àgbà ló sọ ọ́ fún wa. Ẹni tó mọ ẹbí onílẹ̀ ló mú wọn lọ. Wọ́n gbé obì àti ọtí ṣínáàpù lọ́wọ́. Olórí ẹbí mú wọn rin ilẹ̀ náà yípo pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, ó sì gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pèrègún kì í tètè kú, kì í sì í ṣí kúrò lójú kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n san owó náà kó tó pé. Lẹ́yìn èyí ni awọnlẹ̀ tó ní ìwé-àṣẹ wá, ó ri òpó sìmẹ́ńtì kékeré tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 jáde, tó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀, àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ẹbí onílẹ̀ ti parí. Kò parí. Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ṣì ń ti ra ilẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni wọ́n wá ń gbé ìwé rẹ̀ lọ. Òpó sìmẹ́ńtì wa kan ti fọ́. Pèrègún méjì ṣì wà lẹ́yìn ilé.

Ìpìlẹ̀ gbígbẹ́ ní Ifẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ o. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ló kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ní 1957, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó, wọ́n tún rí òmíràn. Ìyá àgbà ní àwọn bíríkìlà fi í ṣàwàdà nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ tiwa. Bí ṣọ́bìrì bá ti kan ohun líle, ẹnì kan á ní, "Ẹ rọra, kó má lọ jẹ́ pé kábíyèsí ni." Òkúta ni wọ́n ń rí ní gbogbo ìgbà.

Ilé náà gba ọdún márùn-ún. Owó àjẹsílẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni bàbá àgbà fi ra páànù, èsúsú ìyá àgbà ló ra sìmẹ́ńtì. Ní 1981 wọ́n kó wọlé pẹ̀lú fèrèsé tí wọ́n fi pátákó dí. Kò sí iná, kò sí omi, ọ̀nà náà kò sì ju ẹsẹ̀ méjì lọ ní fífẹ̀. Ìyá àgbà ní òun sunkún lálẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ohùn ìlú kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, kìkì ọ̀pọ̀lọ́ ni.

Bí àdúgbò òṣìṣẹ́ ṣe ń jí ni mo mọ̀ jù, nítorí ìyá mi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Aago márùn-ún ààbọ̀, géètì á ti máa dún. Àwọn tó ń lọ sí yunifásítì, àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn tíṣà, àti àwọn tó ń lọ sí Òṣogbo láti ìgbà tó ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1991, gbogbo wọn ń jáde bọ́ sí títì. Tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹbì ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tó yá, ọ̀kadà dé, lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ Márúwá. Tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, àdúgbò á ti dá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nígbà náà lè rò pé kò sí ènìyàn níbẹ̀.

Ènìyàn wà níbẹ̀. Ìwé kì í sọ̀rọ̀ wọn tó bó ṣe yẹ. Ìyá alákàrà tó wà ní oríta mọ ọmọ tí kò lọ sílé-ìwé lónìí. Télọ̀ ló ń gba kọ́kọ́rọ́ ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún sọ́wọ́. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò, ni wọ́n ń bi àjèjì pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ta lẹ̀ ń wá?" Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo jábọ́ lórí ògiri, apá mi sì yẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá alákàrà ló pa iná àkàrà rẹ̀, tó gbé mi pọ̀n dé títì.

Àwọn onílé ní ẹgbẹ́. Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù ni wọ́n ń pàdé. Mo ti ka ìwé ìpàdé wọn, èyí tó dàgbà jù nínú rẹ̀ ti ń já. Ìjọba kọ́ la rí nínú rẹ̀. Ohun tó kún inú rẹ̀ ni iye tí ilé kọ̀ọ̀kan dá: fún afárá kékeré orí odò, fún òkúta tí wọ́n kó sójú ọ̀nà, fún òpó iná, fún ọlọ́dẹ alẹ́. Tíráńsífọ́mà ló pẹ́ jù, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dá owó rẹ̀. Wọ́n rà á, wọ́n gbé e dé, wọ́n pe òṣìṣẹ́ amúnáwá láti so ó. Ọjọ́ tí wọ́n so ó tán ni wọ́n sọ fún wọn pé kì í ṣe tiwọn mọ́. Nígbà tó bàjẹ́, wọ́n tún ní kí wọ́n dá owó àtúnṣe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un, ṣùgbọ́n ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ sì gba bébà kọjá sójú ewé kejì.

Mo ti sọ pé a óò padà kan ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí agbègbè Ifẹ̀, ibẹ̀ sì ni Mọ́dákẹ́kẹ́ ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó le jù tí àwọn òbí wa rí ni ti 1997 sí 2000. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná ní ìhà méjèèjì. Mi ò kọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa.

Ará Ifẹ̀ ni aládùúgbò wa ọwọ́ ọ̀tún. Ìyàwó bàbá tó wà níwájú wa jẹ́ ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́. Bàbá àgbà kì í ṣe èyí, wọn kì í ṣe ìyẹn, ẹnìkan sì bi wọ́n lójú títì pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ti ta ni yín?" Wọ́n ní, "Párákin ni mí." Bàbá mi ní ẹ̀rù ba àwọn nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, nítorí kì í ṣe ìdáhùn tí ẹni yẹn ń fẹ́. Aládùúgbò wa ọwọ́ ọ̀tún ló dá sí i, tó ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá máa lọ. Ìdílé tó wà níwájú wa kó ẹrù lóru, wọn kò sì padà wá mọ́. Ilé wọn wà láìní òrùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹlòmíràn tó rà á. Nínú ìwé ẹgbẹ́, owó tí wọ́n dá fún afárá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn. Kò sẹ́ni tó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìjà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún wá pọ̀ sí i. Ibùsùn inú ọgbà kò gbà wọ́n, ni àwọn onílé bá ń sọ ẹ̀yìnkùlé di iyàrá fún wọn. Ìyá alákàrà ra fìríìjì, ẹni tó ń tẹ ìwé àti ẹni tó ń ta káàdì ìpè dé. Àwọn ará àdúgbò kan ń kùn pé wọ́n ń pariwo lálẹ́, òótọ́ sì ni, wọ́n ń pariwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, tó fi di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko, ìdákẹ́jẹ́ náà kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Ìyá alákàrà ń fi ìdajì ẹ̀wà tó ń lọ̀ tẹ́lẹ̀ dín. Àwọn olùkọ́ tó jẹ́ aládùúgbò wa kò rí owó oṣù gbà, mo sì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ta ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé okùn kan wà láti ẹnu ọ̀nà yunifásítì dé ẹnu ọ̀nà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í rí i.

Bàbá àgbà fẹ̀yìn tì ní 2000. Wọn kò ní láti kó ẹrù jáde níbì kankan, nítorí ilé wọn ni wọ́n ti ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Nígbà tí wọ́n ṣaláìsí ní 2014, àwọn ẹbí láti Ìjerò ní kí wọ́n gbé òkú náà wálé. Ìyá àgbà ní ilé náà ló wà yìí. Iwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máńgòrò, ni wọ́n sin wọ́n sí, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ onílé ló sì gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Lóṣù tó kọjá, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjerò láti gba ìwé ẹ̀rí mi, nítorí fọ́ọ̀mù kò dúró de ìtàn. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹbí wa ló mú mi dé ọ́fíìsì náà. Wọ́n bi mí ní orúkọ agboolé, wọ́n bá mi sọ ọ́ nígbà tí kò wá sí mi lẹ́nu. Oníṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ọ́ dé ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ àdírẹ́sì ilé, ó wò mí, ó ní, "Níbo ni ká kọ?"

Mo ní, "Ẹ kọ Párákin, Ilé-Ifẹ̀."

Ó wo bàbá tó mú mi wá. Àwọn náà gbé èjìká sókè. Ó kọ ọ́, ó sì lu òǹtẹ̀.